Sáà 14 nídìí bọ́ọ̀lù tó yára: ṣé kí n dáwọ́ dúró, àbí kí n pààrọ̀ iṣẹ́?

Ìbéèrè òǹkàwé kan: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 37 ni mí. Sáà 14 rèé tí mo ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún kílọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe torí owó. Bọ́ọ̀lù tó yára ni mò ń jù, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń jù ú, nọ́ńbà 8 ni mo sì máa ń wọlé gbá báàtì. Láti sáà tó kọjá ni èjìká àti ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ti ń yọ mí lẹ́nu. Balógun wa ní bóyá kí n fẹ̀yìn tì. Mo wá kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ eré jọ kí n lè mọ ohun tí mo ti ṣe. Mo gbá run (ààmì) 1,862 nínú innings 133, ìyẹn iye ìgbà tí mo wọlé gbá báàtì, mo sì jẹ́ not out (wọn kò mú mi jáde) nínú 35. Akọ̀wé wa ní 14 ni ìpíndọ́gba mi, ẹnì kan ní 19 ni. Wíkẹ́ẹ̀tì 211 ni mo gbà, ìyẹn iye agbábáàtì tí mo mú jáde, wọ́n gba run 4,431 lọ́wọ́ mi nínú over 1,055 (bọ́ọ̀lù 6 ni over kan). Ta ló tọ̀nà nínú wọn? Ṣé ó ti tó kí n dáwọ́ dúró?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. 19 ni ìpíndọ́gba yín, kì í ṣe 14. Ẹ má dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń ju bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn wá ti parí, ẹ má sì dúró di àárín sáà tó ń bọ̀ kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé tí ẹ kó jọ yẹn á sọ ibi tó kàn fún yín, á sì sọ ọ́ ju balógun yín lọ, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí báàtì bẹ̀rẹ̀. Iye ìgbà tí wọ́n mú agbábáàtì jáde ni a fi ń pín run rẹ̀, a kì í fi iye ìgbà tó wọlé pín in. Ẹ yọ 35 kúrò nínú 133, ó ku 98. Ẹ fi 98 pín 1,862, ó jẹ́ 19 géérégé. Akọ̀wé yín fi gbogbo 133 pín in, ibẹ̀ ló ti rí 14. Ìṣirò kan náà ni wọ́n ṣe fún Don Bradman ọmọ Ọsirélíà. Ó wọlé ní ìgbà 80 nínú eré Test, ìyẹn eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjì, ó jẹ́ not out ní ìgbà 10, ó sì gbá run 6,996. Ẹ fi 70 pín in, ẹ ó rí 99.94 tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ká ní 80 ni wọ́n fi pín in ni, 87.45 ni ì bá jẹ́. Nígbà tó wọlé fún ìgbà ìkẹyìn ní pápá The Oval ní London lọ́dún 1948, run 4 péré ló kù kí ìpíndọ́gba rẹ̀ pé 100; Eric Hollies, ajubọ́ọ̀lù England, fi bọ́ọ̀lù kejì wó igi tó ń ṣọ́, kò sì rí run kan gbá.

Ohun tó máa ń da ìṣirò rú ni àwọn ìjáde tí kò wọ́pọ̀. Run out (wọ́n wó igi kí agbábáàtì tó sáré dé ìlà rẹ̀) jẹ́ ìjáde fún agbábáàtì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n kà á fún. Ẹni tó fara pa tàbí tó ṣàìsàn tó sì kúrò lórí pápá, not out ni, kódà kó má padà wá mọ́. Ẹni tó kàn fà sẹ́yìn kí ẹlòmíràn lè ráyè gbá, ìjáde ni tiẹ̀ bí kò bá padà wọlé; ó sì gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda balógun ọ̀tá kó tó lè padà. Bákan náà ni ẹni tó pẹ́ jù kó tó wọlé. Ìṣẹ́jú 3 ni òfin fún agbábáàtì tuntun kó fi múra sílẹ̀ láti ìgbà tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ti jáde, àwọn ìdíje kan sì ti dín in kù. Ìṣẹ́jú 2 ni wọ́n lò ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2023, níbi tí okùn akoto Angelo Mathews, agbábáàtì Sri Lanka, ti já ní Delhi lọ́jọ́ 6 oṣù Kọkànlá, tí wọ́n sì ní kó máa lọ láì tíì rí bọ́ọ̀lù kan. Innings kan ni wọ́n kà á sí, ìjáde kan, run òdo. Nítorí náà, ẹ máa fa okùn akoto yín wò kí ẹ tó dìde lórí ìjókòó.

Bí ẹ bá jókòó tẹ́yin ti páàdì lẹ́sẹ̀ títí eré fi parí tí ẹ kò wọlé, ẹ ti gbá eré kan, ṣùgbọ́n ẹ kò ní innings kankan. Ojú ìwé tó bá ti sọnù, ẹ má fojú bù ú. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé eré báyìí kò sí nínú ìṣirò, kó má di pé ẹ̀yin fúnra yín kò gba nọ́ńbà yín gbọ́ mọ́.

Ní ti bọ́ọ̀lù, wíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti ajubọ́ọ̀lù ni èyí tí bọ́ọ̀lù wó igi, èyí tí wọ́n hán, lbw (ara agbábáàtì dí bọ́ọ̀lù tí ì bá wó igi), èyí tí aṣọ́wíkẹ́ẹ̀tì wó igi nígbà tí agbábáàtì ti jáde kúrò nínú ìlà rẹ̀ lọ gbá a, àti èyí tí agbábáàtì fi báàtì tàbí ara rẹ̀ wó. Run out kì í ṣe tiyín, kódà bó jẹ́ ọwọ́ yín lẹ fi wó igi. Run tó bá ti wide (bọ́ọ̀lù tó jìnnà jù sí agbábáàtì) àti no-ball (bọ́ọ̀lù tó lòdì sí òfin) wá, ọrùn yín ló wà. Èyí tó bá jẹ́ bye (bọ́ọ̀lù kò kan báàtì tàbí ara) tàbí leg-bye (ara ló kàn, kì í ṣe báàtì) kì í ṣe ẹ̀bi yín, kì í sì í ba maiden over jẹ́, ìyẹn over tí wọn kò gba run kankan lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù. Ẹ tún wo àwọn over tí kò pé dáadáa. 7.4 kì í ṣe méje àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Over 7 àti bọ́ọ̀lù 4 ni, ìyẹn bọ́ọ̀lù 46. Bí ẹ bá ju 7.4 lọ́sẹ̀ kan, tẹ́ ẹ ju 6.5 lọ́sẹ̀ kejì, àpapọ̀ rẹ̀ kì í ṣe 13.9, 46 àti 41 ni, bọ́ọ̀lù 87, ìyẹn 14.3. Ẹni tó bá ń rò ó lórí kọ̀ǹpútà láìsọ ọ́ di bọ́ọ̀lù ná máa ń ṣe àṣìṣe yìí lọ́dọọdún, ó sì máa ń pọ̀ sí i.

Kí ẹ tó gba ojú ìwé kankan gbọ́, ẹ dán an wò báyìí. Run gbogbo agbábáàtì, ẹ fi àwọn àfikún (run tí kò ti báàtì wá) kún un, ó gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ ikọ̀ náà mu. Lẹ́yìn náà, ẹ ka run tí wọ́n gbà lọ́wọ́ gbogbo ajubọ́ọ̀lù, ẹ fi bye, leg-bye àti run ìjìyà kún un, ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, wide ló sábà máa ń fà á: akọ̀wé kọ ọ́ sí ọ̀dọ̀ àfikún, kò kọ ọ́ sí ọ̀dọ̀ ajubọ́ọ̀lù.

Bí tiyín bá ti tọ̀nà, nọ́ńbà mẹ́ta ló máa jáde. 4,431 tí a fi 211 pín jẹ́ 21: iye run tí wíkẹ́ẹ̀tì kan ń ná yín. 4,431 tí a fi 1,055 pín jẹ́ 4.2: iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín nínú over kan. Over 1,055 jẹ́ bọ́ọ̀lù 6,330. Ẹ fi 211 pín in, ó jẹ́ 30: iye bọ́ọ̀lù tí ẹ ń jù kí wíkẹ́ẹ̀tì kan tó ṣubú. Ẹ sọ 30 di ìlọ́po 4.2, ẹ fi 6 pín in, ẹ ó padà rí 21. Bí kò bá padà síbẹ̀, ìṣirò kan ti wọ́ níbì kan. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, tó tún mú 21 dání lẹ́yìn sáà 14, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú rénà rẹ̀.

Àmọ́ àpapọ̀ ọdún 14 kò lè sọ bí ẹ ti wà lónìí. Sáà tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ọdún 26 ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ yọ sáà mẹ́ta tó kẹ́yìn sọ́tọ̀, ẹ tún nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ sì ya eré ikọ̀ kìíní sọ́tọ̀ kúrò lára ti ikọ̀ kejì àti ti ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Mi ò fara mọ́ dída gbogbo wọn pọ̀ rárá. Wíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún lára ikọ̀ tí kò lágbára lọ́sàn-án ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ lè fi àìsàn sáà odindi pamọ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá níbẹ̀ rèé. Bí 4.2 yẹn bá dúró bó ṣe wà, tí 30 wá di 38 tàbí 42, ọwọ́ yín ṣì ń gbé bọ́ọ̀lù síbi tẹ́ ẹ fẹ́, eré ara rẹ̀ ló ti dín kù. Agbábáàtì ń rí i kó tó dé, ó ń dí i, kò sì fẹ́ fi ewu gbá a. Ìròyìn tó dáa nìyẹn, nítorí ẹni tó ṣì mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ́ sí lè pààrọ̀ irú bọ́ọ̀lù tó ń jù. Bó bá sì jẹ́ pé 4.2 ló kọ́kọ́ gòkè, tó di 5 tàbí 5.5, ẹ padà sínú ìwé kí ẹ wo over kọ̀ọ̀kan. Ó wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù kan sí àpótí kan. Ẹ ka run tí wọ́n gbà nínú over mẹ́rin àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ jù láìsinmi, ẹ fi wé èyí tó tẹ̀ lé e. Bí àkọ́kọ́ bá mọ́, tí karùn-ún sí keje wá tú, pẹ̀lú wide àti bọ́ọ̀lù kúkúrú tí wọ́n ń gbá lọ sí ìlà ààlà, ó ti ń rẹ ara yín ni, kì í ṣe pé ẹ ti gbàgbé iṣẹ́. Over mẹ́rin, ìsinmi, over mẹ́ta: ìyẹn nìkan lè dá sáà kan padà fún yín. Bó bá jẹ́ pé láti over àkọ́kọ́ ló ti ń tú, ara ń fi nǹkan kan pamọ́, ìrora sì ti ń sọ bí ọwọ́ ṣe ń yí di ohun mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ara yìí kò gba àwàdà. Bí ẹsẹ̀ iwájú ajubọ́ọ̀lù tó yára bá balẹ̀, agbára tó ń gba ibẹ̀ gòkè wá máa ń tó ìlọ́po márùn-ún ìwúwo ara rẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń yí tó sì ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ọ̀dọ́ ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń sán, ní ìhà òdìkejì ọwọ́ tó fi ń jù ú. Fún ẹni ọdún 37, oríkèé ẹ̀yìn tó ti gbó ló sábà máa ń jẹ́, àti iṣan tó di èjìká mú. Ohun tó burú jù ni kí ìbàdí kọjú síwájú nígbà tí èjìká ṣì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹ̀yìn ló ń san gbèsè yẹn ní gbogbo bọ́ọ̀lù. Ẹ ní kí ẹnì kan fi fóònù ya yín láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yín bá kọjú sí agbábáàtì nígbà tó balẹ̀, kí èjìká náà kọjú síwájú. Bí ẹsẹ̀ bá dá sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí èjìká náà dá sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí ìrora bá ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá orúnkún, bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, bí èjìká bá ń jí yín lóru tàbí tí ọwọ́ kò ṣeé gbé kọjá èjìká mọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn, kì í ṣe pápá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé oògùn ìrora mì kí ẹ tó lè ju over àkọ́kọ́.

Bí dókítà bá sì fọwọ́ sí i, ohun tí ọ̀pọ̀ ń kùnà nínú rẹ̀ ni kíkà. Wọ́n ń ka over ọjọ́ eré, wọn kì í ka bọ́ọ̀lù inú àwọ̀n ìdánrawò, bẹ́ẹ̀ ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ẹni tó sinmi oṣù mélòó kan, tó wọ inú àwọ̀n lọ́jọ́ kan tó ju bọ́ọ̀lù 70 nítorí ara rẹ̀ yá gágá, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú eré àkọ́kọ́: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bọ́ọ̀lù 24 nígbà kọ̀ọ̀kan, ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára yín. Ẹ fi bọ́ọ̀lù 6 kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di 54 ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kù, ẹ mú ìgbà kan nínú méjèèjì bíi ti ọjọ́ eré gan-an: bọ́ọ̀lù 24, ìsinmi, bọ́ọ̀lù 24. Kí ó kéré tán ọjọ́ méjì wà láàárín ìgbà méjèèjì. Ẹ má fi ara yín wé James Anderson ti England tó ju bọ́ọ̀lù Test títí ó fi di ọmọ ọdún 41, tó sì gba wíkẹ́ẹ̀tì 704. Iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ni, àwọn tó ń tọ́jú ara rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀.

Ní báyìí, kí lẹ máa jù? Àyípadà àkọ́kọ́ lẹ lè ṣe ní sáà tó ń bọ̀ gan-an: ẹ gé eré tẹ́ ẹ ń sá kí ẹ tó jù ú sí ìdajì, ẹ pe aṣọ́wíkẹ́ẹ̀tì wá sídìí igi, kí ẹ sì máa ju off-cutter, bọ́ọ̀lù tí ìka gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè yà bó bá balẹ̀. Ìka ìtọ́ka àti ìka àárín ni ẹ ó fi fà sísàlẹ̀ ní ìhà ọ̀tún bọ́ọ̀lù bó ti ń kúrò lọ́wọ́ yín, kó lè balẹ̀ kó sì wọlé sára agbábáàtì ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Lórí pitch (ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù ń balẹ̀ sí láàárín igi méjèèjì) tó rọ̀, èyí tí kílọ́ọ̀bù kéékèèké sábà máa ń ní, bọ́ọ̀lù yẹn ń gba lbw àti igi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbábáàtì kò sì lè jáde síwájú fi fàlàlà gbá a mọ́, nítorí ẹni tó lè wó igi wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àyípadà kejì ló máa gbé yín kọjá ọdún 45: off-break, bọ́ọ̀lù tí kò yára tí ìka ń yí kó lè wọlé sára agbábáàtì ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ fún un ní àkókò ìsinmi sáà méjì kí ẹ tó retí nǹkan gidi. Bí ẹ ṣe máa dì í mú rèé. Ẹ tan ìka ìtọ́ka àti ìka àárín sí ara wọn lórí ojú rírán, kí oríkèé àkọ́kọ́ ìka ìtọ́ka di ojú rírán náà mú ṣinṣin. Bọ́ọ̀lù á fara ti ìka tó tẹ̀ lé ti àárín. Àtàǹpàkò kò ní iṣẹ́ kan níbẹ̀. Ìka ìtọ́ka ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ jù ú, ẹ yí ọwọ́ bí ẹni tó ń yí ọwọ́ ìlẹ̀kùn sí ọ̀tún. Ẹ fi ìnki dúdú ya ìlà kan yí bọ́ọ̀lù ìdánrawò ká lórí ojú rírán, kí ẹ lè rí i bó ṣe ń yí nínú afẹ́fẹ́. Bí ìlà náà bá ń mì lọ́tùn-ún lósì, ìka ti yọ̀ kúrò kí ẹ tó yí i tán.

Má kánjú sí gígùn pitch. Ẹ dúró ní mítà 10 sí ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ yí i láìsáré títí ìlà dúdú yẹn fi dúró gbọn-in, lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sí mítà 15, kí ẹ tó lọ sí mítà 20.12 tó jẹ́ gígùn pitch. Ẹ tẹ́ ẹní kan tó fẹ̀ tó mítà kan síbi tó jìn tó mítà 3 sí 4 sí iwájú igi agbábáàtì. Nínú bọ́ọ̀lù 30, bí èyí tó bọ́ sórí ẹní kò bá tó 12, ẹ ṣì wà nínú àwọ̀n. Tó bá ti di 18, ẹ lè mú un lọ sí eré ikọ̀ kejì.

Ohun mẹ́ta ló máa ń ba off-break jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti ń ju bọ́ọ̀lù tó yára tẹ́lẹ̀. Ó máa ń tì í síwájú dípò kó yí i sókè. Bọ́ọ̀lù á wá lọ tààrà, kò ní gba òkè ojú agbábáàtì kọjá, ẹni tó wà nídìí báàtì á sì gbá a bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀rọ. Ó máa ń gan ẹsẹ̀ iwájú kó sì na àtẹ́lẹsẹ̀ sí agbábáàtì gbọnrangandan, nítorí èyí ló ń fún un ní eré nígbà kan rí. Nínú off-break, ẹsẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ ráyè yí lórí ọmọ ìka, kí ìbàdí yí kọjá rẹ̀. Bí kò bá yí, ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, èjìká tó ń dùn yín tẹ́lẹ̀ á sì tún dùn sí i. Ẹ̀kẹta, ó máa ń pẹ́ jù kó tó tú u sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á kúrú. Bọ́ọ̀lù kúkúrú tí kò sì yára, run mẹ́rin ni. Bí ẹ bá máa ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́ kó gùn díẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ ìgbọ̀nwọ́. Láti ìgbà tí ọwọ́ bá ti dé ìwọ̀n èjìká títí bọ́ọ̀lù fi kúrò níbẹ̀, òfin kò gbà kí ìgbọ̀nwọ́ tó tẹ̀ nà. Ìwọ̀n digirí 15 tí ẹ ń gbọ́, inú eré àgbáyé ni, níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ní eré kílọ́ọ̀bù, ojú adájọ́ ni, adájọ́ sì lè ní no-ball ni.

Àwọn aṣọ́pápá yín náà á yàtọ̀. Fún agbábáàtì ọlọ́wọ́ ọ̀tún, èmi á fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sí àwọn ibi ìdúró wọ̀nyí: slip (ẹ̀gbẹ́ aṣọ́wíkẹ́ẹ̀tì), point, cover, mid-off, long-on, midwicket, deep midwicket, square leg àti short fine leg. Deep midwicket yẹn, nítòsí ààlà ní ìhà ẹsẹ̀ agbábáàtì, ṣe pàtàkì jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ agbábáàtì kílọ́ọ̀bù máa ń fi agbára gbá a lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ìlà ìdúró agbábáàtì ní ìhà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ nígbà tí ẹ bá jù ú. Bí ẹnì kẹta bá rìn dé ibẹ̀ láìmọ̀, no-ball ni. Bọ́ọ̀lù tuntun kì í ṣe tiyín mọ́. Ẹ gbà á nígbà tó bá ti gbó, tí àwọn tó wà nídìí báàtì sì ti mọ́ra pẹ̀lú eré tó ń bá a bọ̀.

Ó wá ku báàtì, ibẹ̀ ni mo rò pé wọ́n ti ń fi yín ṣòfò. Ìgbà 35 nínú 133 ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Léraléra ni eré ń parí, tàbí tí àwọn tó tẹ̀ lé yín ń jáde tán, nígbà tẹ́ ẹ ṣì dúró. Ẹni tó ń ṣe 19 ní nọ́ńbà 8, tí kò sì ní ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ọjọ́ mọ́, yẹ fún nọ́ńbà 6 tàbí 5. Wilfred Rhodes ti Yorkshire wà ní nọ́ńbà 11 fún England ní ìrìn àjò 1903–04. Ní Melbourne lọ́dún 1912, òun àti Jack Hobbs ló ṣí innings, wọ́n sì kó run 323 jọ kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Ọmọ ọdún 52 ni nígbà tó gbá Test ìkẹyìn rẹ̀ ní 1930.

Kí ẹ tó béèrè ààyè yẹn, ẹ ka bí ẹ ṣe jáde ní sáà mẹ́ta tó kẹ́yìn. Bí wíwó igi àti lbw bá ju ìdajì lọ, ẹsẹ̀ iwájú yín ń pẹ́ gbé, tàbí orí yín ń ṣubú sí ìhà off (ìhà ọ̀tún agbábáàtì ọlọ́wọ́ ọ̀tún). Ojú àti ẹsẹ̀ máa ń falẹ̀ bí ọjọ́ orí ti ń lọ. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré kìlómítà 110 ní wákàtí kan kò fún yín tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé báàtì sókè ṣáájú, kí ẹ sì dín ìrìn ẹsẹ̀ kù. Bó bá jẹ́ pé aṣọ́wíkẹ́ẹ̀tì àti slip ló ń hán yín, ẹ ń na ọwọ́ bá bọ́ọ̀lù tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ààlà ni wọ́n ti ń hán yín ní over tó kẹ́yìn, ẹ má bínú sí ara yín, iṣẹ́ tí wọ́n rán yín ni. Ẹ tún rántí pé láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022, bí wọ́n bá hán agbábáàtì kan jáde, ẹni tuntun tó wọlé ló máa kojú bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, àfi tí over bá ti parí. Kò sí pé ẹ ó dúró lápá kejì máa wò mọ́. Ẹ ti gbọ́dọ̀ fojú mọ ajubọ́ọ̀lù náà láti orí ìjókòó.

Ní ti ṣíṣọ́ pápá, ẹ kúrò ní ààlà. Èjìká yẹn kò gbọ́dọ̀ máa ju bọ́ọ̀lù láti mítà 60 mọ́. Ẹ gba slip, kí ẹ sì máa hán bọ́ọ̀lù 40 ní ìdánrawò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ bá balógun yín sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan ikọ̀, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ eré. Ẹ mú ìwé kan ṣoṣo lọ: nọ́ńbà sáà mẹ́ta tó kẹ́yìn, ti ikọ̀ kìíní lọ́tọ̀, ti ikọ̀ kejì lọ́tọ̀. Ẹ ní kó fún yín ní nọ́ńbà 6 nínú ikọ̀ kejì fún eré mẹ́fà àkọ́kọ́, off-cutter over mẹ́rin lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti gbó, àti àyè ní slip. Lẹ́yìn eré kẹfà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wò.